Omi Kíkan Ń Kan Ilẹ̀kùn

Oṣù kẹrin rèé tí ohùn mi ti há.
Mo ṣí rẹ́jísítà kíláàsì kẹrin, mo pe "Odùlàjà!"
Ohun tó jáde dà bí ẹni ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò.
Odùlàjà ò dáhùn. Ó rò pé àga ni mo wọ́.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní Ìpẹru.
Ohùn yìí ló máa ń dé ẹ̀yìn fẹ́ǹsì,
tó ń dá ìsáǹsá padà lábẹ́ igi máńgòrò.
Ní báyìí, agogo ni mo fi ń bá wọn wí.

Wọ́n ní òtútù ni. Mo jẹ orógbó títí ẹnu mi fi korò.
Wọ́n ní kí n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú oyin;
mo fún un, ó ta mí lọ́fun bí ata.
Ìyá Ṣóyọyè fà mí lọ sẹ́yìn kànga:
"Efúnṣílé, ta lo bá jà? Ohùn kì í dédé sọnù."
Mo ka àwọn tí mo bá jà. Wọn ò ju méjì lọ:
ọ̀kan ti kú, ìkejì ni ọkọ mi.

Ọmọ mi pè láti Ìlọrin.
"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ fún màmá mi ní fóònù."
Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sunkún. Ẹkún pàápàá ò dún.

Ní Ṣágámù, dókítà kan, ọmọbìnrin kékeré,
ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná lẹ́nu bọ̀ mí nímú,
ó ní kí n wí "íììì".
Mo rí ọ̀fun ara mi lójú ẹ̀rọ:
awẹ́ méjì, pupa bí ojú ẹni tí èéfín ń yọ lẹ́nu.
Kò bi mí pé ta ni mo bá jà.
Ó ní, "Mà, aago mélòó lẹ ń jẹun alẹ́?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí.
Aago mọ́kànlá, tí mo bá máàkì ìwé tán:
gàrí kíkan, omi tútù, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan,
kí n tó wó sórí bẹ́ẹ̀dì bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Ó ní omi kíkan kan ń bẹ nínú ikùn,
oúnjẹ la ní kó máa lọ̀;
ẹni bá dùbúlẹ̀ lé ikùn kíkún,
a gòkè wá bí àgbàrá tó ṣìnà wọ pálọ̀.
"Ṣùgbọ́n àyà kì í ta mí."
"Kì í ta gbogbo èèyàn, mà. Ohùn ló ń jẹ ní tiyín."

Àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.
Wọn ò sọ fún mi pé ọ̀nà náà ń lọ, ó ń bọ̀.

Búlọ́ọ̀kù méjì ni mo fi gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè.
Ọkọ mi ní òun ń yọ́ lọ sísàlẹ̀ lóru.
Mo ń jẹun kí oòrùn tó wọ̀.
Gàrí? Ó wà nínú ike lókè kọ́bọ́ọ̀dù.
À ń wo ara wa.

Ohùn ò tíì dé tán.
Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo pe Odùlàjà,
ó fò dìde: "Mo wà níbí, mà!"
Ariwo rẹ̀ gba gbogbo kíláàsì.
Ó yẹ kí n ní kó rọra.
Mo jẹ́ kó pariwo.