Ojú-Ìwé Kọkànlélógójì

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wọ Òmù-Àrán,
èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya kó tó kàn mí.
Ráfátù aránṣọ kà á títí ẹ̀wà fi jóná.
Ó ní, "Wọ́n ti ju ọmọbìnrin náà sínú búùtù,
ṣé kí n fi í síbẹ̀ kí n máa ro ọbẹ̀ ni?"
Tíṣà Dáhùnsi bínú sí òǹkọ̀wé:
"Eré àsápajúdé látìbẹ̀rẹ̀!
Gbogbo orí ló ń parí síbi tí ìbọn ti dún.
Ta ni yóò sùn?"
Síbẹ̀, ó ní kí n ṣì fi sílẹ̀ dọ̀la.

Mo gbé e fún Bàbá Àńjọ́rìn,
awakọ̀ tó ń ná Èrúkú tẹ́lẹ̀.
Ọjọ́ kẹta ló dá a padà.
Ó ti ṣẹ́ etí ojú-ìwé kọkànlélógójì,
níbi tí fóònù ti dún,
tí ohùn kan dárúkọ iye owó.

"Ìwé náà dáa," ló wí,
"àmọ́ ó ti yára jù.
Tiwa kò dún fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.
A jókòó yí fóònù ká bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn,
ìyàwó mi ń fi etí ìró nu ojú rẹ̀."

N kò bi í léèrè ẹni tó padà wálé.
Mo tẹ́ etí ìwé náà, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́,
ilà rẹ̀ kò lọ.
Ráfátù ti tún dé ẹnu ọ̀nà:
"Ṣé wọ́n ti kà á tán? Kí ni wọ́n sọ?"