Oòrùn Òru

Èmi nìkan ni mo wá. Ẹ má bi mí léèrè ẹni tí mo bá wá:
àpò kan lẹ́yìn, bàtà kan lẹ́sẹ̀,
ìwé ìrìnnà tí wọ́n ti lù lóǹtẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ní Kopenhágìn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀
pé èèyàn lè kí òpópónà kan tán
kí òpópónà náà má dáhùn.
Mo kí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀,
mo kí ẹni tó ń fa ajá;
wọ́n wo bàtà mi bí ẹni pé bàtà ló sọ̀rọ̀.
Àfi Sidsel, tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀ já lórí afárá,
ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì.
Ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi di táyà yìí mú."
Mo dì í mú. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.
Ó kọ àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì:
"Ibi tí ilẹ̀ parí sí ló ń gbé. Kì í sọ̀rọ̀.
Ẹ máa gbọ́ ara yín yé."

Ọkọ̀ ojú irin gbé mi gba inú igbó Swídìn:
igi, igi, adágún, igi.
Mo ń ka igi lọ títí oorun fi gbé mi.
Nígbà tí mo jí, èjìká ẹlòmíràn ni orí mi wà,
ìyá arúgbó kan, Gudlög,
tí kò jí mi, tí kò yí, wákàtí méjì gbáko,
nítorí, ó ní, bí ọmọ òun ṣe máa ń hanrun nìyẹn.
Ó sọ̀ kalẹ̀ níbùsọ̀ kan tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀.
N kò rí i mọ́. Mo kà á mọ́ ọ̀rẹ́.

Lẹ́yìn náà, òkun. Àwọn òkè yọ nínú omi
bí eyín àkọ́yọ lẹ́nu ọmọ ọwọ́.
Eilert ti dúró létí èbúté. Ó gba àpò mi, kò fọhùn.
Lẹ́yìn ilé rẹ̀ pupa, wọ́n so ẹja rọ̀ sórí igi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún,
atẹ́gùn fẹ́, òórùn náà sì dé bá mi:
ìdáná ìyá mi, ọ̀sán Sátidé.
Mo nàka sí i, mo ní, "Pánla!"
Ó nàka sí i, ó ní, "Tọ́sk."
Ó ronú díẹ̀. "Orí wọn, ọ̀dọ̀ yín ló ń lọ."
Ẹ̀rín pa wá.

Aago méjìlá òru lù.
Oòrùn jókòó sórí òkun
bí àlejò tí a ti sìn dé ẹnu ọ̀nà
tó tún ń dá ìtàn mìíràn sílẹ̀.
Mo sọ fún un pé nílé wa, kò sí ohun tí a kì í kí:
ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú òtútù, ẹ kú alẹ́.
Ó ní, "Eléyìí ńkọ́?" Ó fi àgbọ̀n júwe oòrùn.
Ọ̀rọ̀ há mi lọ́fun.

Ó bu kọfí. Àwa méjì, ife mẹ́ta.
Ó ti ìkẹta síwájú àga òfìfo.
"Solfrid," ó ní. "Oṣù Kẹta."
Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni ìkíni tí mo ń wá kiri fúnra rẹ̀ jáde:
"Ẹ kú àìsùn."
Ó béèrè ìtumọ̀. Mo ní, ẹni tó bá òkú rẹ̀
jókòó títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni a máa ń kí bẹ́ẹ̀.
"Níbí, ilẹ̀ kì í ṣú."
"Mo rí i. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn."
Ó tún un pè, àmì ohùn ṣubú sọ́tùn-ún sósì,
kì í ṣe èmi ló ń wò,
àga ni.

Láàárọ̀, tàbí ohun tí aago pè ní àárọ̀,
ó fi ìwé ìròyìn di orí pánla mẹ́ta fún mi.
Aṣọ́bodè tẹ àpò mi wò ní Ósílò, ó fi ọwọ́ bo imú:
kí ló ń rùn báyìí?
Mo ní, ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n bá òun kí ìyá mi.