Yàrá Keje ní Piedra Seca

Oòrùn ti ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sẹ́yìn òkè kí n tó dé Piedra Seca,
ṣùgbọ́n ọ̀dà ojú títì ṣì gbóná,
ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà mi
bí ọmọ tí a fẹ́ já lẹ́nu ọmú.

Ẹyẹ kan wà lórí òpó, iná gíláàsì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́:
apá òsì ń tàn, apá ọ̀tún kọ̀ jálẹ̀.
“Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti tún un ṣe,” Marisela wí, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ mi,
“kò gbọ́. Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa fò lójú kan.”
Kọ́kọ́rọ́ gidi ni o, kì í ṣe káàdì,
irin tó wúwo lọ́wọ́, pátákó kékeré lọ́rùn rẹ̀: mẹ́jọ.

Wọ́n ti kun gbogbo ilé. Àwọ̀ ewé lára ilẹ̀kùn,
àwọ̀ ìyeyè lára àga,
rédíò tó rí bí àpótí búrẹ́dì,
tẹlifóònù tí à ń fi ìka yí
(mo yí i, n kò pe ẹnikẹ́ni,
mo kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń kùn padà sáyè rẹ̀).
Nílé ìwẹ̀, táìlì kan sán, wọn ò pààrọ̀ rẹ̀.
Mo fẹ́ràn ìyẹn.
Ilé tí a tún ṣe tán pátápátá kì í rántí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí atẹ́gùn rọ̀, mo jáde,
mo bá ìyá àgbà kan létí adágún ìwẹ̀,
ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi dé kókósẹ̀,
kò kọjá ibẹ̀.
Eulalia. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló sanwó yàrá keje,
ẹ̀bùn ọgọ́rin ọdún.
“Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbí,” ó wí,
“yàrá méjìlá lóòjọ́, n kò sun ọ̀kan rí.
Omi yìí, ewé ojú rẹ̀ nìkan là ń kó.
Ọ̀gá ìgbà yẹn ní bí òṣìṣẹ́ bá fi ìka kàn án,
gbogbo rẹ̀ lòun máa dà nù.”
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dé ojú.
Ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú omi
bí ẹni ń wo ohun tó jí.

Kí ni kí n sọ? Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.
Mo bọ́ bàtà tèmi.

Ọkọ̀ ojú irin ẹlẹ́rù kan kọjá lọ́ọ̀ọ́kán,
ó gùn, ó gùn, a dákẹ́ dè é títí ìrù rẹ̀ fi lọ.
Ajáko kan dá a lóhùn.
Lẹ́yìn náà ìràwọ̀ jáde, wọ́n pọ̀ bí iyọ̀ tó dànù,
ìyá gbójú sókè:
“Àwọn wọ̀nyí nìkan ni wọn ò tíì kùn.”

Lóru, ògiri mú ìró wá fún mi.
Ilẹ̀kùn ṣí. Omi dún lẹ́ẹ̀kan, kò dún mọ́,
bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.
Mo di ojú mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi.

Àárọ̀. Teodoro tó ń tún yàrá ṣe
dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn keje, aṣọ mímọ́ lápá, kò wọlé.
Bẹ́ẹ̀dì ti tẹ́. Igun aṣọ rẹ̀ gún bí àpò lẹ́tà,
o lè ju kọ́bọ̀ sí i kó ta.
Dọ́là márùn-ún wà lórí ìrọ̀rí,
ọṣẹ kékeré ló fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
“Ta ló kọ́ ọ báyìí?” ọmọkùnrin náà bi mí.
Mo ní n kò mọ̀.

Níta, ọmọ ọmọ rẹ̀ ń kẹ́rù sí mọ́tò, ó ń kánjú,
ìyá ti jókòó níwájú, ó de bẹ́líìtì.
Irun rẹ̀ ń kán sára aṣọ,
ẹyọ kan, ẹyọ kan,
kò sì nù ún.