Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ ní Alágbàká

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Òjò ti wẹ òpópónà Alágbàká,
jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó tó sùn sínú ìrì.
Màmá Akínfọlárìn wọlé láti Ìdànrè,
ó di fáìlì mọ́ àyà, ó fi ọ̀rá wé e.
"Ọmọ mi, ẹ bá mi wo orúkọ ọkọ mi.
Tíṣà ni. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe tíṣà."

Mo tẹ ìbéèrè sínú kọ̀ǹpútà:
mú gbogbo ẹni tó jẹ́ olùkọ́ jáde,
tó jẹ́ ará Ìdànrè, tó ti di olóògbé.
Ó ronú díẹ̀, bí ìyẹn bá ṣeé pè ní ìrònú,
ó ní: òdo.

Òdo róbótó, ẹyin tí kò ní pupa.
Ọkùnrin tó kọ́ ìdajì ìlú ní ábídí,
tí pàṣán rẹ̀ ṣì ń ta àwọn baba ọlọ́mọ lára bí wọ́n bá ti rántí,
ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ ọ́n rí.

Màmá ò sunkún. Ó tún gèlè rẹ̀ wé.
"Ẹ tún un wò. Bóyá ẹ ò béèrè dáadáa."

Ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun bí egungun ẹja.
Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí,
bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi;
ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ọmọlúàbí.
Ààbọ̀ tí o bá sọ fún un ni yóò gbé padà fún ọ.
Kò mọ̀ pé hẹ́dìmásítà, tíṣà ni kó tó di ọ̀gá.
Ohun tí ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀,
kò sẹ́ni tó rántí kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Mo pe Tèmídayọ̀ láti yàrá kejì,
ọmọ Ilé-Olújì tó kàwé ní FUTA.
"Ṣé ká tún àkọsílẹ̀ ṣe ni?"
"Rárá o. Ẹ má fọwọ́ kan ìwé àwọn òkú.
Ìbéèrè ni kẹ́ ẹ tún kọ.
Ìmọ̀ tó wà lórí yín, ẹ tú u sínú rẹ̀."

A jókòó, a ń tú u.
Gbogbo hẹ́dìmásítà, olùkọ́ ni; fi í sí i.
Igbákejì rẹ̀ ńkọ́? Fi í sí i.
Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kọ kíláàsì mọ́ lórúkọ.
Ìbéèrè ìlà kan di mọ́kànlá, ó di mẹ́tàdínlógún,
ó ń wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi,
Tèmídayọ̀ ń gé e: "Èyí ti wà nínú tòkè, ẹ yọ ọ́."
Màmá dá sí i láti orí àga:
"Ó ṣọ́ ìdánwò ní Oǹdó lọ́dún kan."
Ọmọ náà rọra mi orí:
"Ìyẹn ò dájú, Màmá. Ẹni tí kì í ṣe tíṣà náà lè ṣọ́ ìdánwò."

Mo tẹ̀ ẹ́.
Orúkọ mẹ́rìnlélógójì ṣàn wálẹ̀
bí omi lára àpáta Ìdànrè lẹ́yìn òjò.
Ìkọkàndínlọ́gbọ̀n: AKÍNFỌLÁRÌN, J. Hẹ́dìmásítà. Olóògbé.
Ìwé kò yí padà. Ibẹ̀ ló ti wà láti àárọ̀,
ó ń dúró de ẹni tó máa pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ó ku ojú kan. Ìyàwó: òfìfo.
Tèmídayọ̀ ní òfin wà fún ìyẹn náà:
ọkùnrin tí wọ́n bá kọ "ó ti gbéyàwó" sí lára,
ó ní ìyàwó kan níbì kan,
bí ìwé ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.
Ọgbọ́n lè sọ pé ó wà.
Ọgbọ́n ò lè sọ ẹni tó jẹ́.

Mo gbójú sókè.
Omi òjò ń kán létí ìró rẹ̀,
ó ń fi ìka yọ ọ̀rá kúrò lára fáìlì, díẹ̀díẹ̀.
"Màmá," mo ní, "kí lorúkọ yín gan-an?"