Ọ̀dà Funfun Lórí Táǹkì

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Mo tẹ́tí.
Páḿpù epo tó máa ń kùn bí oyin inú ìgò
kò fọhùn.
Ọkọ̀ akẹ́rù Verlon, ọmọ ọdún méjìdínlógójì,
dákú sáàárín yìnyín Mọ̀ntánà.

Mo tú wáyà bátìrì. Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló di ẹ̀yìn ọkọ̀ mú;
márùn-ún gbà, ọ̀kan yarí,
mo fi òòlù bẹ̀ ẹ́, mo fi èébú kún un.
Tressa aládùúgbò bá mi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
bí ẹni ń ṣí ìdérí àpótí.

Àṣé!
Ogún ọdún ni Verlon fi ń yangàn sí mi létí
pé ọwọ́ òun nìkan ló pààrọ̀ páḿpù yìí,
pé mẹkáníìkì kankan ò débẹ̀.
Ẹ wo ọ̀dà funfun lórí táǹkì:
"Gáréèjì Halvorsen. Ó ti sanwó."

Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dì lẹ́rẹ̀kẹ́ mi.
Òpùrọ́ mi, sùn re o.

Tuntun ti wọlé. Mo tún yí kọ́kọ́rọ́:
hùn-ùn-ùn.
Mo fi ìṣó ha orúkọ mi sábẹ́ ti Halvorsen,
mo ha ti Tressa mọ́ ọn,
kí n má baà yangàn.