Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Ìwé náà ti wà lórí tábìlì láti àárọ̀ Ajé:
ojú ewé méjì, òǹtẹ̀ pupa, àyè kan tó ṣófo nísàlẹ̀
tó ń wò mí bí ẹnu ọmọ ẹyẹ tí kò tíì jẹun.
Lọ́la, kí agogo ilé-ìwé tó lù,
Ọ̀gá Phannee fẹ́ kí n ti fi orúkọ mi dí i.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún báàtì lóṣù.
Iye tí wọ́n kọ nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Nakọn Panọm
náà ni wọ́n tún kọ síbẹ̀ fún ọdún keje.
Owó ìrẹsì gòkè, owó yàrá gòkè,
odò Mẹkọ́ǹgì pàápàá a máa kún, a sì máa fà;
owó oṣù mi nìkan ló jókòó bí ère ẹnu ọ̀nà.
Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, kì í pẹ́.
Bí ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n bá ti pé, ó ti wọlé,
bí ọkọ tí kò lẹ́wà, tí kì í sùn síta.

Fergal dé láti Ireland lọ́dún tó kọjá
pẹ̀lú gìtá kan, irun pupa, àti awọ ara rẹ̀.
Ìlọ́po méjì owó mi ni wọ́n ń san fún un.
Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ ètò ẹ̀kọ́,
èmi ni mo fi ibi tí ṣọ́ọ̀kì wà hàn án.
Èèyàn dáadáa ni. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí:
mi ò rí ẹni bínú sí.

Àbúrò mi Jovelyn pè láti Iloilo.
"Manang, wọ́n ń gba èèyàn síṣẹ́ tẹlifóònù ní Manila.
Òru ni iṣẹ́ ọ̀hún, àmọ́ owó ń bẹ níbẹ̀.
Ìyá ń béèrè bóyá o ṣì mọ ọ̀nà ilé."

Ogójì ọmọ ní kíláàsì kẹta
tó ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà, "Gúdù mọ́nìnì, tíṣà!"
ní agogo méjì ọ̀sán.
Bí wọ́n bá fẹ́ pe "r", "l" ló ń bọ́ lẹ́nu wọn,
ìrẹsì lédè Gẹ̀ẹ́sì a sì di iná orí.
Wọ́n ń jẹ iná orí láàárọ̀,
wọ́n ń fi ẹja jẹ iná orí lálẹ́,
títí Phuwadon, tí bàbá rẹ̀ ń tukọ̀ àlùbọ́sà láti Laosi,
fi dìde ní Ọjọ́bọ̀, ó di etí àga mú,
ó sì pè é: ìrẹsì.
Ìrẹsì gidi, tó ṣeé sè, tó ṣeé jẹ.
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo kọjú sí pátákó
bí ẹni tó ń wá ṣọ́ọ̀kì.

Àbí ìbẹ̀rù ni mo ń fi àwọn ọmọ bò lójú?
Bí mo bá lọ, wọn yóò sunkún ọjọ́ mẹ́ta.
Lọ́jọ́ kẹrin, wọn á máa kí tíṣà mìíràn.

Ọmọnílé kan ń gbé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi.
Ọmọnílé ni lóòótọ́: kì í san owó yàrá,
kì í tò fún físà.
Ìyá àgbà Bunsi tó ni ilé sọ pé
bó bá ké lẹ́ẹ̀meje, ire ti wọlé.
Mo pa fáànù. Mo di bírò mú. Mo ń kà.
Ó ké ẹlẹ́ẹ̀kẹfà,
ó dákẹ́.
Mo dúró. Ọkọ̀ kan kọjá lójú odò,
iná rẹ̀ gbọ̀n lára ògiri, ó lọ.

Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.
Wọn ò sọ bóyá ìlọ ni, bóyá ìdúró ni.

Mo yí ìwé náà dé. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó funfun,
mo kọ iye tí mo rò pé mo tó.
Mo wò ó. Ojú tì mí díẹ̀.
Mo fi ẹgbẹ̀rún méjì lé e.