Aago Kẹta

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé eré ìdárayá ní Jọ́ọ̀sì,
wọ́n ní kí n wá wo bàtà Kaneng nínú gíláàsì
kí ojú mi tó kọ iṣẹ́.
Mo wọ ṣúwẹ́tà méjì, mo fi gèlè olóògbé ìyàwó mi di etí.
Ọyẹ́ oṣù kìíní kò mọ àgbà.

Bàtà kánfáàsì ni. Ó ti pọ́n bí erùpẹ̀ Bùkúrù.
Aránbàtà kan ló fi táyà gán ìdí rẹ̀,
ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ wọ́ bí ipasẹ̀ adìyẹ.
Nísàlẹ̀, páálí kékeré:
*Ọgọ́rùn-ún mítà. Ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́wàá.*
Lẹ́yìn ìyẹn, àlàfo, funfun báláú.
Nanret, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀,
ní, "Baba, ẹ̀yin ni àlàfo yẹn ń dúró dè."

Àwa mẹ́ta la di aago mú lọ́jọ́ náà.
Ti Ọ̀gbẹ́ni Gyang sọ ìdá méjì.
Ti Málàm Tanímù sọ ìdá méjì.
Tèmi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sẹ́yìn ọjà Tẹ́mínọ́ọ̀sì,
sọ ìdá mẹ́fà.
Òfin ní bí méjì bá ti fẹnu kò, kí ẹ̀kẹta panu mọ́.
Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo fi panu mọ́.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́?
Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ wà nínú àpótí, ó ti bàjẹ́ láti èṣín,
ọyẹ́ ń ti gbogbo wa lẹ́yìn,
fìlà akọ̀wé fò kọjá ìlà ìparí
kí Kaneng tó débẹ̀.
Àwọn ọ̀gá ní Èkó ní ọyẹ́ ló sáré, kì í ṣe ọmọ náà.
Àwọn ọmọ méje tó sáré tẹ̀lé e ńkọ́,
ṣé inú ilé ni wọ́n ti sáré tiwọn?
Mítà mẹ́rin ló fi ṣíwájú wọn nínú ọyẹ́ kan náà.

Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a gbé bàtà náà kúrò:
"Ilé ìrántí kì í ṣe ilé àhesọ."
Ẹlòmíràn fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ní kí a gbé e sáàárín gbọ̀ngàn,
ọmọ wa ni, kí ló kan aago?
Mo gbọ́ tẹnu wọn. Mo mu tíì mi.
Bí a bá kó gbogbo ohun tí kò dáni lójú pamọ́,
mélòó ni yóò kù lórí pẹpẹ wọ̀nyí?
Ọjọ́ ìbí tèmi gan-an,
ìkórè ọ̀dùnkún òyìnbó ni bàbá mi fi kà á.

Ohun tí n kò tíì sọ fún Nanret nìyí:
eruku wọ̀ mí lójú bí ọmọ náà ṣe kan okùn.
Tàbí kò wọ̀ mí lójú.
Mo sọ fún ìyàwó mi pé ó wọ̀ ọ́.
Ní òru, mo máa ń sọ fún ara mi pé kò wọ̀ ọ́.
Èwo ni mo kọ́kọ́ sọ? Mi ò mọ̀ mọ́.

Kaneng fúnra rẹ̀ ti wá lẹ́ẹ̀kan, láti Bárkín Ládì,
pẹ̀lú kéréètì ẹyin tó fẹ́ tà.
Ó wo bàtà náà pẹ́.
Ó ní, "T'ẹsẹ̀ òsì há mi lọ́jọ́ náà."
Ó ta ẹyin rẹ̀, ó lọ.

Mo yọ aago náà lápò.
N kò tún un tẹ̀ láti ọjọ́ yẹn,
abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì dúró lórí ohun tó rí, tàbí ohun tí mo rí.
Mo ní, fi sí ẹ̀gbẹ́ bàtà.
Kọ ọ́ pé aago mẹ́ta ni. Kọ ọ́ pé ọyẹ́ ń fẹ́.
Kọ ọ́ pé bàtà òsì há a.

Gíláàsì náà kọ̀, kò ṣí.
Nanret fi ìdí ṣíbí tíì já a,
eruku sì bá wa wọlé.